Bí Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Yan Máńdólìnì Tí Owó Rẹ̀ Mọ Níwọ̀n

Máńdólìnì, ohun èlò orin olókùn tí ó jọ gìtá kékeré, kéré lójú, ṣùgbọ́n agbára tí okùn rẹ̀ fi ń fà á kò kéré rárá. Okùn 8 ni ó ní, a sì tò wọ́n ní méjì méjì, tí ó fi jẹ́ pé okùn 2 ni ìka kan ń tẹ̀ pọ̀, tí píìkì, ìyẹn ike pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn, sì ń ta àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. G ni èyí tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, D tẹ̀ lé e, A tẹ̀ lé D, E ni ó sì ga jù, bí ti fáyólìnì gan-an. Okùn gìtá a máa gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65, ti máńdólìnì kò sì ju nǹkan bíi 35 lọ, síbẹ̀ bí a bá fa gbogbo okùn mẹ́jọ náà dé ohùn tí ó yẹ wọ́n, agbára tí wọ́n fi ń fa igi náà ju kìlógíráàmù 60 lọ. Ìdí nìyí tí àléébù kékeré tí gìtá lè mú mọ́ra kò fi ṣeé bò mọ́lẹ̀ lára máńdólìnì. Okùn tí ó fi díẹ̀ péré ga ju bó ti yẹ lọ yóò máa ge alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níka, okùn 2 tí kò sì bára mu yóò máa dún bí ẹni méjì tí ń kọ orin kan náà láìgbọ́ ohùn ara wọn.

Nítorí náà, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ má ṣe kọ́kọ́ béèrè èyí tí ó rẹwà jù nínú àwọn máńdólìnì tí ó wà níwájú rẹ̀. Ibi tí owó tí òun fẹ́ san wọ̀ ni kí ó béèrè. Ọ̀nà 3 ni owó ń gbà wọ inú máńdólìnì: iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀, igi tí a fi ṣe é, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mú kí okùn rọrùn láti tẹ̀ kí ohùn rẹ̀ sì tọ́. Èkejì àti ẹ̀kẹta ni ó kan alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti ọ̀ṣọ́ lè dúró di ọjọ́ mìíràn.

Ìrísí ni ojú kọ́kọ́ ń rí, ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Máńdólìnì àtijọ́, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú Napoli ní ilẹ̀ Ítálì sọ di olókìkí ní sẹ́ńtúrì 18, ní ẹ̀yìn roboto bí ìdajì igbá. Nígbà tí sẹ́ńtúrì 19 ń parí lọ ni Orville Gibson, oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní ìlú Kalamazoo ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ojú àti ẹ̀yìn máńdólìnì bí a ti ń gbẹ́ ti fáyólìnì, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n náà ní 1898. Láti ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ìrísí 2 tí ó gbòde lónìí ti wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní A rí bí omi tí ó fẹ́ kán sílẹ̀, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó tí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní F ní igi tí a lọ́ po bí ìkarahun ìgbín ní èjìká kan, ó sì ní ṣóńṣó igi ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní 1922 ni ilé iṣẹ́ náà gbé irú F kan tí ó ń jẹ́ F-5 jáde lábẹ́ àbójútó Lloyd Loar, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ṣe ní 1923 sì ni Bill Monroe, tí gbogbo ayé gbà ní bàbá bluegrass, irú orin olókùn kan ní Amẹ́ríkà, fi ta orin títí ó fi darúgbó. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé máńdólìnì tí kò bá ní ìkarahun ìgbín léjìká kì í ṣe máńdólìnì gidi.

Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkarahun náà kò fi ohùn kankan kún ohùn. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó gbòòrò ni ó ń gbà kí a tó lè gbẹ́ ẹ, kí a tó tẹ igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọrọkọrọ, kí a sì tó kùn ún débi tí kò fi ní hàn pé a lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹni tí ó bá rà á ni ó sì ń san owó iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá rí F àti A tí owó wọn dọ́gba, kí ẹ mọ̀ pé ohun kan ti sọnù nínú F kí owó rẹ̀ tó lè já wálẹ̀ báyẹn, igi rẹ̀ ni ó sì sábà máa ń jẹ́. A ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi mí pé kí ó rà. Àǹfààní kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ìkarahun náà ní fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti fi okùn ìgbékọ́rùn kọ́; ẹni tí ó ni A yóò so tirẹ̀ mọ́ ìdí ọrùn tàbí mọ́ orí, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ó kan ti igi. Igi spruce ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú máńdólìnì, wọ́n sì ń fi maple ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ni ó ń sọ̀rọ̀ jù, nítorí pé òun ni okùn ń gbọ̀n tí ó fi ń dún, nítorí náà bí owó kò bá tó láti ra èyí tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ojúlówó igi, kí ojú rẹ̀ ó kéré tán jẹ́ igi gidi, kì í ṣe pílíwúùdù. Ọ̀nà tí a fi ń dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ gbé máńdólìnì náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo etí ihò ohùn rẹ̀ níbi tí a ti gé igi. Bí ó bá jẹ́ igi gidi, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lójú rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ wọ inú sisanra igi náà láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ pílíwúùdù, ìlà náà yóò dúró lójú, ẹ ó sì rí i pé etí náà jẹ́ ìpele lórí ìpele bí ìwé tí a kó jọ. Àwọn tí ó ń kùn máńdólìnì mọ èyí, òmíràn nínú wọn a máa fi ọ̀dà dúdú bo etí ihò náà. Tí ẹ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ túbọ̀ la ojú yín. Ẹ ka ohun tí a kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú: ibi tí wọ́n bá ti kọ "spruce" láìfi "solid" (ìyẹn ojúlówó igi) ṣáájú rẹ̀, ẹ kà á sí pílíwúùdù títí ẹni tí ó ń tà á yóò fi sọ òdìkejì.

Mi ò sọ pé pílíwúùdù kò wúlò o. Ó lágbára, oòrùn àti ọ̀rinrin kì í tètè ṣe é ní jàǹbá, ẹni tí yóò bá máa gbé máńdólìnì kiri lójoojúmọ́ sì lè yàn án tinútinú. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dún lónìí náà ni yóò máa dún, nígbà tí ohùn ojúlówó igi sábà máa ń là sí i bí a bá ti ń lò ó.

Ẹ ó tún rí máńdólìnì tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ti gìtá. Nítorí pé kò sí ohun tí a gbẹ́ lára rẹ̀, owó tí ìbá ra pílíwúùdù nìkan nínú àwọn tí a gbẹ́ ojú wọn lè ra ojúlówó igi nínú irú èyí. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dára láti fi gbe orin ẹnu. Ní ti ihò ohùn, èyí tí a gé bí lẹ́tà f lọ́nà méjì máa ń jẹ́ kí ohùn mú, kí ó lè yọ láàárín àwọn ohun èlò mìíràn. Èyí tí ó jẹ́ ihò roboto kan ṣoṣo máa ń dún pẹ́ díẹ̀, ó sì rọ̀ létí. Ẹ yan èyí tí etí yín bá fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù nìyí. Ó ṣọ̀wọ́n kí máńdólìnì tí owó rẹ̀ kò pọ̀ jáde ní ilé iṣẹ́ kí ó ti ṣe tán fún ìka ènìyàn. Ẹ̀rọ ti gé igi rẹ̀, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti fi okùn sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn, pé kí ẹnì kan jókòó tì í, kí ó fi fáìlì gbẹ́ ojú nọ́ọ̀tì, ìyẹn egungun kékeré tí okùn gbà kọjá lórí ọrùn, kí ó ha ẹsẹ̀ bíríìjì, ìyẹn igi kékeré tí ó gbé okùn sókè, kí ó lè jókòó ṣinṣin lójú igi, kí ó sì rí i pé ọrùn tọ́, ni wọ́n máa ń fò, nítorí pé iṣẹ́ tí ń gba àkókò ni. Èyí tí èmi kọ́kọ́ rà jẹ́ F, ó pọ́n fòò, ó ń dán, mo sì rò pé mo ti jèrè. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kejì, omi tútù ni mo fi ń tọ́jú ìka mi lálẹ́, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé ìka mi ni kò yẹ fún orin. Ọ̀gá kan tí ń tún gìtá ṣe ni ó gbà á wò, ó fi rúlà wọn ibi tí okùn wà sí fírẹ́ẹ̀tì 12 (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sójú ọrùn), ó sì fi hàn mí pé ó ga tó mìlímítà 4. Ó gbẹ́ nọ́ọ̀tì, ó sọ bíríìjì kalẹ̀, ó dá a padà fún mi lọ́jọ́ kejì. Bí mo ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣèèṣì gbé ti ẹlòmíràn fún mi ni.

Ẹ lè ṣe irú àyẹ̀wò náà fúnra yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n to ohùn rẹ̀ ná, nítorí pé okùn tí ó dẹ̀ kì í jẹ́ kí a mọ bí ọ̀ràn ti rí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ okùn G mọ́ fírẹ́ẹ̀tì 3, kí ẹ sì tẹjú mọ́ fírẹ́ẹ̀tì 1. Àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti irin níbẹ̀ kò yẹ kí ó nípọn ju ìwé kan lọ. Ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fi ìka kan okùn náà jẹ́jẹ́ ni ẹ ó tó mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀ rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá gbalaja, nọ́ọ̀tì náà ga jù, kì í sì í ṣe ìka nìkan ni yóò máa dùn yín: gbogbo ohùn tí ẹ bá tẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì 1 àti 2 yóò máa ga ju bó ti yẹ lọ, bí ẹ tilẹ̀ ti to okùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ wò ó lára okùn D, A àti E pẹ̀lú. Ẹ wá lọ sí fírẹ́ẹ̀tì 12, kí ẹ wo bí okùn ti jìnnà sí irin. Mìlímítà 1.5 sí 2 ni ó rọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́rùn. Bí ó bá fi díẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí bíríìjì rẹ̀ sì ní irin roboto kékeré 2 tí a ń yí, kò sí wàhálà, a ó dẹ okùn díẹ̀, a ó sì yí i wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bíríìjì bá ti wà nísàlẹ̀ pátápátá tí okùn ṣì ga, ọrùn ni àìsàn wà, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ẹ wo ọrùn náà bí káfíńtà ti ń fi ojú kan wo pákó, láti orí lọ sí ìdí. Ó yẹ kí ó tọ́, tàbí kí ó fi díẹ̀ tẹ̀ síwájú. Ọ̀pá irin tí ó wà nínú ọrùn ọ̀pọ̀ máńdólìnì òde òní lè tún títẹ̀ ṣe, kò lè tún ọrùn tí ó lọ́ ṣe. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sókè sódò, kí ẹ mọ̀ bóyá etí fírẹ́ẹ̀tì ń gún ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 12, láìkánjú, kí ẹ fetí sí èyí tí ó bá ń kùn bí eṣinṣin tí ó há sínú ìgò. Ẹni tí ń tà á lè máa wò yín bí ẹni tí ó ń fi àkókò òun ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí ó máa wò.

Ohun kan wà tí ó máa ń da àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàmú láìnídìí. Wọn kì í sábà fi àtè lẹ bíríìjì máńdólìnì mọ́ ojú igi. Okùn tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó mú un dúró, nítorí náà ó lè ṣípò bí wọ́n bá ti ń gbé e kiri. Ẹ fi ìka kan okùn jẹ́jẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì 12 gan-an láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á, yóò dún bí agogo kékeré. Kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ kan náà, kí ẹ tún ta á. Ohùn kan náà ni ó yẹ kí ẹ gbọ́. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ sún bíríìjì díẹ̀ síhà ìdí. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un síhà ọrùn. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ èyí nìkan, kò tó ìdí láti kọ máńdólìnì tí ó dára, ó sì lè jẹ́ kí ẹni tí ń tà á dín owó rẹ̀ kù bí kò bá mọ bí a ti ń tún un ṣe.

Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń yí okùn gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfò, bí a bá sì fi agbára ta orin fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ohùn ṣì wà níbi tí a fi í sí. Okùn tuntun kì í dúró ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí okùn bá ń dún "kẹ́rẹ́" nígbà tí ẹ ń yí i, inú nọ́ọ̀tì ni ó há sí, kọ́kọ́rọ́ kò jẹ̀bi. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù kùn ojú ibi tí okùn gbà kọjá, yóò máa yọ̀. Nọ́ọ̀tì tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 28 tàbí 29 ni ó wọ́pọ̀. Bí ìka yín bá tóbi, ẹ wá èyí tí ó tó 30.

Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ, Kentucky KM-150 àti Eastman MD305 ni mo máa ń kọ́kọ́ dá. Ìrísí A ni àwọn méjèèjì, ojúlówó igi ni wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n sì ní ihò tí ó rí bí f. Ẹni tí ó bá fẹ́ ihò roboto lè béèrè Eastman MD304. Kì í ṣe àwọn ni owó wọn kéré jù lọ nínú ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú igi dípò ọ̀dà, ẹni tí ó bá sì rà wọ́n kò ní láti tún òmíràn rà ní ọdún kejì. Èyí tí ó bá wà nísàlẹ̀ wọn ṣeé rà pẹ̀lú, bí ẹ bá lè rí ẹni tí yóò tún un tò. Bí gbogbo owó yín bá jẹ́ 10, ẹ fi 8 ra máńdólìnì, kí ẹ fi 2 pamọ́ fún títún un tò, fún okùn tuntun, píìkì tí ó nípọn díẹ̀, àti àpò. Ẹ̀rọ tí ń wọn ohùn kò yẹ kí ó ná yín ní nǹkan kan, nítorí pé áàpù rẹ̀ wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n ti kan ẹ̀rọ iná mànàmáná mọ́ lára kò tíì kàn yín, bí kò ṣe pé orí ìtàgé ni ẹ ti fẹ́ kọ́ ọ.

Àlòkù lè sàn ju tuntun lọ, nítorí pé ẹnì kan lè ti san owó títún un tò kí ó tó kàn yín. Ohun tí ẹ ó wò níbẹ̀ ni bóyá ojú igi ti rì lábẹ́ bíríìjì, bóyá ó ti sán, bóyá fírẹ́ẹ̀tì ti jẹ kòtò lábẹ́ okùn, àti bóyá àlàfo ti yọ níbi tí ọrùn ti wọ ara. Ẹ ṣọ́ra fún máńdólìnì ẹlẹ́yìn igbá tí ó ti pẹ́. Ó máa ń rẹwà, owó rẹ̀ sì máa ń kéré, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ọ̀pá irin nínú ọrùn, okùn fúyẹ́ fúyẹ́ nìkan ni wọ́n lè gbé, owó tí a ó fi tún ọrùn tí ó ti tẹ̀ ṣe sì lè ju owó tí a fi rà á lọ. Ara ògiri ni irú rẹ̀ sábà máa ń parí sí.

Ẹni tí yóò bá rà á láìfojú rí i ń ná ẹja nínú ibú, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á pé mìlímítà mélòó ni okùn fi ga ní fírẹ́ẹ̀tì 12, pé ta ni ó tún un tò kí wọ́n tó dì í, àti pé ọjọ́ mélòó ni ẹ ní láti dá a padà. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ pẹ̀lú iye kan pàtó. Bí ó bá dáhùn pé "ó wà dáadáa", kò tíì wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí ó bá délé, ó ṣeé ṣe kí okùn tí ó bá a wá ti dípẹtà, ẹ ó sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Okùn phosphor bronze (irú idẹ kan) fífúyẹ́, èyí tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú rẹ̀ nípọn tó .010 íǹṣì, ni ó dára fún ìka tí kò tíì gbó. Ẹ má ṣe tú gbogbo okùn mẹ́jọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé bíríìjì yóò ṣubú, ẹ kò sì ní mọ ibi tí ó wà mọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà fífẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ tú okùn kan, ẹ fi tuntun kọ́ irin ìdí, ẹ yí i dé ohùn rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.